Ààbò Olórí Ìjọba àti Ààbò Èrò Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa, Sùúrùlérè

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kim Jong Un, olórí ilẹ̀ Kòríà ti Àríwá, wọ ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ lọ sí Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti ń lọ láàárín wa níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán. Àwọn kan ní ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú ló ń bà á. Àwọn kan ní ọlá ló fi ń ṣe. Àwọn kan sì ní, kí ló kan àwa tí à ń wọ dánfó nínú ọ̀rọ̀ olórí ìjọba àti ọkọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè ìkẹta yìí ni àwa fẹ́ dáhùn, nítorí pé ó kàn wá gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a ti sọ kókó ọ̀rọ̀ wa báyìí, kí ẹni tó bá ní láti tètè lọ lè mú un dání. Ààbò tí a kàn mọ́ ara kóòṣì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bò. Ààbò tí a ṣe sí ojú irin, gbogbo ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló ń bò. Nínú méjèèjì yìí, èwo ni wọ́n ń ṣe fún àwa òṣìṣẹ́?

ÌDÍ TÍ OLÓRÍ FI Ń WÁ ÀÀBÒ

A kò dúró síbí láti fi ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n yìnbọn pa olórí ìjọba wa, Ọ̀gágun Murtala Mohammed, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí níhìn-ín. Mẹ́sídíìsì lásán ló wọ̀, kò sí ayẹta lára rẹ̀, kò sì sí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó ń lé ènìyàn kúrò lọ́nà níwájú rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Oníkan, tòun ti ihò ọta lára rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé awakọ̀ rẹ̀ bá a kú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ewu bá dé bá ọ̀gá, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í yọ.

Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórí kan fi fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ náà gùn, ẹni tó wà níta kò sì lè mọ kóòṣì tí olórí wà. Dókítà, alásè, ẹ̀ṣọ́, akọ̀wé àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni yóò gba inú rẹ̀. Bàbá Kim yìí, Kim Jong Il, wọ ọkọ̀ ojú irin láti ilé rẹ̀ dé Moscow ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì lò lójú ọ̀nà. Irin tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀ náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ kò fi lè sáré.

Ààrẹ Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. Orúkọ kóòṣì náà ni Ferdinand Magellan. Ilé iṣẹ́ Pullman ló kàn án ní ọdún 1929, wọ́n sì tún un kàn ní ọdún 1942 fún Ààrẹ Franklin Roosevelt nígbà ogun. Wọ́n fi irin tó nípọn bò ó yí ká, lókè àti nísàlẹ̀. Gíláàsì ojú fèrèsé rẹ̀ nípọn tó íǹṣì 3, kí ọta ìbọn má baà lè gbà á kọjá. Wọ́n ṣe ojú ihò tí Ààrẹ lè gbà sá jáde bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù 140 lọ, kóòṣì kan ṣoṣo o! Lónìí, ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti rélùwéè ní Miami.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè. Ta ló ń tẹ́ ibùsùn nínú àwọn kóòṣì Pullman? Ta ló ń gbé ẹrù, tó ń nu bàtà? Ọmọ adúláwọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Iṣẹ́ wọn gùn, owó wọn kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ èrò ni kò pè wọ́n ní orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n, "George" ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, nítorí pé George ni orúkọ ọ̀gá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1925, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, A. Philip Randolph sì ni olórí wọn. Ọdún 12 ni wọ́n fi jà kí ilé iṣẹ́ náà tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn ní 1937. Ní ọdún 1941, Randolph kìlọ̀ fún Roosevelt pé òun yóò kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọ Washington bí wọn kò bá gba àwọn adúláwọ̀ síṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ohun ìjà. Kí ọjọ́ ìwọ́de tó pé, Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n máa gbà wọ́n.

Ní ọdún 1941 yìí kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wa, pẹ̀lú Michael Imoudu níwájú wọn, fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta lọ bá Gómìnà Bourdillon nílé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Ìjọba padà lé Imoudu lọ sí Auchi. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà dé ní ọdún 1945, ìyanṣẹ́lódì ńlá tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé olórí rìn kì í ṣe ẹrú olórí, ó ń mọ iye ara rẹ̀.

IRIN NÍKAN KÒ TÓ

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé kóòṣì nìkan. Ní ọdún 1888, ọkọ̀ ojú irin ọba Rọ́ṣíà, Alexander Kẹta, já kúrò lórí irin nítòsí Borki. Kò sí ẹni tó yìnbọn, kò sì sí bọ́ǹbù. Ọkọ̀ náà wúwo jù, ẹ́ńjìnnì ńlá méjì ló ń fà á, wọ́n sì ń sá eré tí ojú irin náà kò lè gbà. Àwọn tó kú lé ní 20. Ọba àti ìdílé rẹ̀ yọ. Kí ìjàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀, alákòóso rélùwéè kan tó ń jẹ́ Sergei Witte ti sọ pé eré tí wọ́n ń fi ọkọ̀ yìí sá léwu. Inú àwọn ìjòyè kò dùn sí i rárá. Ẹ̀yìn ìgbà tí òkú sùn ni wọ́n tó rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé e ga.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1928, Zhang Zuolin, ọ̀gágun tó ń ṣe olórí ìjọba ní Beijing, wà nínú ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀, ó ń padà sí agbègbè rẹ̀ ní Manchuria. Àwọn ọmọ ogun Japan ti di bọ́ǹbù mọ́ afárá kan tí ọ̀nà irin mìíràn gbà kọjá lókè. Nígbà tí kóòṣì rẹ̀ dé abẹ́ rẹ̀, bọ́ǹbù bú. Ó kú. Ẹ̀ṣọ́ wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣọ́ afárá?

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kóòṣì tó nípọn lórí irin tí ẹnikẹ́ni kò bojú tó, ilé itọ́ ni.

Kí ni ohun tó ń dáàbò bo ọkọ̀ ọba nígbà náà? Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1842. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ṣe òfin fún ìrìn àjò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan yóò kọ́kọ́ lọ níwájú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú tirẹ̀, láti wò ó pé ọ̀nà dára. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin yóò dúró káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú àsíá àti fìtílà. Wọn yóò ti géètì níbi tí títì ti gba orí irin kọjá. Ẹ ò rí i? Òṣìṣẹ́ ló ń ṣọ́ ọba. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú òṣìṣẹ́ sì ni ọkọ̀ ọba fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 2025, ààfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò fi ọkọ̀ ojú irin ọba sílẹ̀ kí ọdún 2027 tó parí. Kóòṣì ọba yóò di ohun ìrántí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ojú irin kò ní nílò ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò kò ní dé.

Ní ilẹ̀ Yukréènì tí ogun ti ń jà, olórí Amẹ́ríkà, Joe Biden, wọ ọkọ̀ ojú irin òru láti Póláńdì dé Kyiv ní oṣù kejì ọdún 2023, ìrìn wákàtí bíi 10. Irin tó gbà kọjá yìí náà ni àìmọye ìyá àti ọmọ gbà sá àsálà lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń tún irin ṣe lábẹ́ bọ́ǹbù, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì kú síbẹ̀, kò ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún olórí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

ILẸ̀ TIWA

Ní ọdún 1901, Gómìnà William MacGregor ṣí ọ̀nà irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Kí ọdún 1912 tó parí, irin ti dé Kánò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1925, ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Prince of Wales, dé sí Nàìjíríà. Lákòókò yẹn, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa ènìyàn ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin gbé ọmọ ọba lọ sí Kánò, wọ́n sì fi ẹṣin jó fún un níbẹ̀. Àìsàn tí ìlú ń bá jà kò kàn án nínú kóòṣì rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó fọ kóòṣì náà, àwọn tó da èédú sínú iná rẹ̀, inú Èkó tí àrùn wà ni wọ́n padà sí láti sùn.

Ẹ wá wo ohun tó jẹ́ ìwòsàn tòótọ́. Nítorí àrùn yẹn ni ìjọba ṣe dá ẹ̀ka tó ń tún Èkó ṣe, tí àwọn bàbá wa ń pè ní LEDB, sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ẹ̀ka yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Sùúrùlérè yìí láti ọdún 1955. Wọ́n fi tipátipá ṣe é, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàdánù ọjà àti ìdílé nítorí rẹ̀. A kò gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ọba lè gba inú àrùn kọjá nínú kóòṣì, ìlú kò lè gbé inú kóòṣì. Ìlú nílò omi, gọ́tà àti ilé tó mọ́.

Lóde òní, olórí ìjọba wa kò ní ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀, bàálù ni wọ́n ń wọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàálù Airbus tuntun. Ẹ fúnra yín ẹ ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí ọ̀nà irin ni a ń rí wọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Ààrẹ Buhari wá sí Ẹ̀bùté Mẹ́ta ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 láti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ààrẹ Tinubu ṣí Ọ̀nà Pupa ti Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún náà ni èrò sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí olórí bá ń bọ̀, ojú ọ̀nà a mọ́ tónítóní, ọlọ́pàá a kún ibẹ̀, kò sí ewúrẹ́ tó lè kọjá lórí irin. A kò bínú sí i. Ohun tí à ń béèrè ni: lọ́jọ́ kejì ńkọ́?

LỌ́JỌ́ KEJÌ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, bọ́ǹbù ba irin jẹ́ lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná. Wọ́n tún un ṣe, ọkọ̀ sì ń lọ. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn tún fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì yìnbọn lu àwọn èrò. Ó kéré tán, ènìyàn 8 kú. Wọ́n kó àwọn tó lé ní 60 wọ igbó, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ni àwọn 23 tó kù níbẹ̀ tó jáde. Mínísítà ètò ìrìnnà ìgbà náà, Rotimi Amaechi, sọ ní gbangba pé òun ti béèrè fún ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ojú irin náà, wọn kò sì fọwọ́ sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ní àlàyé tiwọn. Èyí tó dájú ni pé ẹ̀rọ náà kò sí níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ará, ọ̀kan nínú àwọn tó kú ni Musa Lawal-Ozigi, Akọ̀wé Àgbà TUC. Olórí ni òun náà, olórí àwa òṣìṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ló rà bí èrò yòókù. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dìde dúró ní ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan fún un, àti fún gbogbo àwọn tó bá a lọ.

Ẹ ṣeun, ẹ jókòó.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ agbébọn nìkan ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ní PWD, ní apá Ìkẹjà. Ènìyàn 6 kú, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ ló ni ín. Tiwa ni pé ibi tí bọ́ọ̀sì ti lè gun orí irin nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, kò sí ààbò níbẹ̀. Ẹ wá wo àwọn afárá tí wọ́n gbé gba orí irin kọjá ní Ọ̀yìngbò, Yábàá àti Muṣin nítorí Ọ̀nà Pupa. Lórí afárá yẹn, dánfó ń kọjá, ọlọ́mọlanke ń kọjá, ọkọ̀ ọlọ́lá ń kọjá, kò sì sí èyí tí ọkọ̀ ojú irin lè kọ lù nínú wọn. Irú ààbò tí àwa ń wí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ohun tó dára, ó yẹ kí a sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sínú ilé iṣẹ́ tiwa. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá àgbà bá fẹ́ bẹ̀ wá wò. Ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, àwa aṣojú òṣìṣẹ́ fojú rí i. Lọ́sẹ̀ tí àlejò yóò dé, wọ́n kun ògiri lọ́dà, wọ́n gbé agolo panápaná kọ́ sí gbogbo origun, wọ́n pín bàtà àti ìbọ̀wọ́ fún àwọn tó ń jó irin. Àlejò dé, ó yìn wọ́n, ó lọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba bàtà padà sínú sítọ́ọ̀, wọ́n sì ti í pa. Ṣé ẹsẹ̀ àlejò ni irin gbígbóná ń ta sí ni?

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ A JỌ ṢE

Èkíní, nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú àwọn aláṣẹ, ẹ jẹ́ kí a béèrè pé kí wọ́n máa yẹ bíréèkì, táyà àti ẹ̀rọ wò láràárọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tí aṣojú òṣìṣẹ́ lè ṣí wò nígbà yòówù. Àyẹ̀wò ọjọ́ àlejò kò tó.

Èkejì, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ kan léwu kò ní pàdánù iṣẹ́ tàbí owó rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí Witte. Ẹni tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ òfin. Òfin ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ti ọdún 2010, ní kí òṣìṣẹ́ fi tó ilé iṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí ilé iṣẹ́ sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ má ṣe gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà àti oògùn ìrora lọ́wọ́ fọ́máànù kí ẹ sì máa lọ ilé. Ẹ wá bá wa, a ó jọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin kan àwa fúnra wa. Awakọ̀ tó mọ̀ pé bíréèkì kò mú, tó sì tún kó èrò 18 sínú bọ́ọ̀sì nítorí owó ọjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ ló kó sínú ewu. A mọ̀ pé ọlọ́kọ̀ ń dúró de owó rẹ̀ lálẹ́. Ìdí tí ẹgbẹ́ fi wà nìyẹn: kí awakọ̀ kan ṣoṣo má baà máa dá ọlọ́kọ̀ dojú kọ. Ẹ mú ẹjọ́ náà wá síbí.

Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọ̀nà tó bá dára fún olórí, kí ó dára fún èrò. Ẹ̀rọ tó bá dára lójú àlejò, kí ó dára lójú ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ohun tí a fi ọwọ́ wa ṣe fún ọba lọ́jọ́ kan, àwa náà lágbára láti ṣe é fún ara wa ní gbogbo ọjọ́, bí a bá fi ohùn kan béèrè ohun èlò rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a ti ń túká yìí, a ó dé ilé láyọ̀ o.